Ta Ló Ni Alátòrì?

Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ ọ́ tí o ò sì mọ bí o ṣe máa gbẹ̀san, gbà á níyànjú pé kó lọ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀wé ní Ẹ̀jìgbò yìí. Mo ti tẹ pósítà òkú tí àwọn ọmọ olóògbé ń jà lé fọ́tò tí wọn yóò lò lórí. Mo ti tẹ kàlẹ́ńdà tí ìyàwó kékeré ní kí n yọ orí ìyáálé kúrò níbẹ̀. Gbogbo ìyẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ojú mi rí lórí Alátòrì. Èmi Mùínàt, tí n kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ni wọ́n sọ di adájọ́ ọ̀sán gangan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Alátòrì ni akọni inú ìwé alàwòrán kan tí wọ́n ń tẹ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé, ìwé pẹlẹbẹ dúdú òun funfun, tí a máa ń yá lọ́wọ́ ara wa títí èèpo rẹ̀ yóò fi já. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Lọ́jọ́ ọdún Ògìyán, tí àwọn ọkùnrin apá kan ìlú ń fi àtòrì na àwọn ti apá kejì, wọ́n na ọmọ yìí nínà bàrà, kò sunkún, kò sá, gbogbo ẹgba tó bà á sì di agbára sí i lára. Láti ọjọ́ náà, bí olè bá nà án, bí dánàdánà bá nà án, ńṣe ló ń le sí i. Òun kì í kọ́kọ́ na ẹnikẹ́ni. Yóò dúró kí wọ́n nà án dáadáa, á wá ní, "Ó tó wàyí." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ti di bó ò lọ o yà mí. Aṣọ funfun ló máa ń wọ̀, bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló sì ní. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ máa ń wà lásán láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin.

Àwọn méjì ló ṣe ìwé náà. Múrítàlá, oníṣòwò tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Ẹ̀jìgbò àti Àbíjàn, ló ń kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ Faransé lọ́hùn-ún, ó ní kí ló dé tí àwa náà ò ní ní tiwa. Àkàndé Fátóbi, ọmọ ilé gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń gbẹ́ ère fún Ògìyán, tó ń kọ pátákó fún àwọn onísọ́ọ̀bù, ló ń ya àwòrán. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé òun ló ń yà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé bá jáde, orúkọ Múrítàlá nìkan ló máa ń wà lójú èèpo. Nígbà tó yá, ìwé dáwọ́ dúró lójijì. Múrítàlá di Àlàájì, ó sì kú sí Àbíjàn ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí.

A ì bá ti gbàgbé gbogbo rẹ̀ bí kì í bá ṣe Hamid. Olùkọ́ ni Hamid, ọrọ̀-ajé ló ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, ṣùgbọ́n bí o bá bi í ní ìbéèrè lórí ọrọ̀-ajé, Alátòrì ni yóò fi ṣe àpẹẹrẹ. Òun ló gbé ojú ìwé kan sórí Fesibúùkù. Kí a tó ṣẹ́jú, àwọn ènìyàn ti ń yọ láti Mọ́sífá, láti Ọlá, láti Èkó, láti Àbíjàn, kálukú ń ní òun rántí. Wọ́n dá gúrúùpù sílẹ̀ lórí Wasáàpù. Wọ́n wá pinnu pé àwọn yóò kó gbogbo ìwé náà pọ̀ di ẹyọ kan, kí ó lè jáde lóṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn ará Àbíjàn bá wá sílé. Fàsílátù, ọmọ Àlàájì Múrítàlá tó ń gbé Àbíjàn, ló ni ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Wọ́n pè é, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí a máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún mi.

Mo tẹ inú ìwé láìsí wàhálà. Ó ku èèpo. Mo béèrè ohun tó rọrùn jù lọ láyé lọ́wọ́ wọn, pé orúkọ ta ni kí n kọ sí i.

Ẹnu ọ̀nà sọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti jà á. Hamid ní ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ló ni ìwé, pé láyé, ọ̀rọ̀ ló ń ṣáájú ohun gbogbo, pé bí Múrítàlá kò bá ronú kan Alátòrì, kí ni Àkàndé ì bá yà? Ọ̀ṣunmọ́lá dìde sí i. Aránṣọ ni Ọ̀ṣunmọ́lá, ọkùnrin gíga kan báyìí tó rán aṣọ Alátòrì fún ara rẹ̀, tó máa ń fi bàtà ẹyọ kan rìn káàkiri ìlú lọ́jọ́ ọdún, tí ìyàwó rẹ̀ á sì máa fi bàtà kejì tẹ̀ lé e bí i pé ó bímọ aláìgbọràn. Ó ní kí Hamid di ojú rẹ̀. Hamid di ojú. Ó ní kí ó rántí Alátòrì, kí ó sọ ohun tó rí. Hamid ní òun rí aṣọ funfun, òun rí ẹsẹ̀ kan tí kò ní bàtà. Ọ̀ṣunmọ́lá ní, ọwọ́ ta ni gbogbo ohun tó rí yẹn ti jáde? Hamid kọ̀, kò la ojú fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé ó ń wá ọ̀rọ̀ lọ sínú òkùnkùn.

Láti ibẹ̀ ni gúrúùpù ti pín sí méjì. Àwọn tó wà lẹ́yìn Hamid fi bírò ṣe àwòrán ojú fóònù wọn, àwọn ti Ọ̀ṣunmọ́lá fi bàtà ẹyọ kan ṣe tiwọn. Ẹ̀ka Mọ́sífá kọ̀wé pé àwọn ń yẹra títí àlàáfíà yóò fi dé. Ẹ̀ka Mọ́sífá yẹn, ènìyàn méjì péré ni wọ́n, tẹ̀gbọ́n tàbúrò sì ni. Èmi ti mo ní èèpo ìwé tí inki rẹ̀ ti fẹ́ gbẹ, wọ́n ní kí n ní sùúrù. Mo sọ fún wọn pé sùúrù kì í sanwó iná, mo sì béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni ò ṣe lọ bi Bàbá Àkàndé fúnra rẹ̀, nígbà tó ṣe pé ó wà láàyè, tó ń dáko ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn tí kò jìnnà.

Gbogbo wọn wo ara wọn. Ọlọ́run ló mọ̀ pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti rò ó.

Ọ̀kadà méjì ni àwa mẹ́ta, èmi, Hamid àti Ọ̀ṣunmọ́lá, gùn lọ. Hamid ń ṣe àtúnṣe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ní gbogbo ojú ọ̀nà, mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. A bá Bàbá lábẹ́ igi, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń bó pákí. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, Bàbá kọ́kọ́ béèrè ẹni tó kú. A ní kò sẹ́ni tó kú. Ara rẹ̀ wálẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wá fún wa.

Hamid bẹ̀rẹ̀. Ó sọ bí a ṣe fẹ́ràn ìwé náà tó, ó sì wá wọ inú ọ̀rọ̀ tó ti ń ṣe àtúnṣe rẹ̀ bọ̀ láti Ẹ̀jìgbò, pé àgbà bí i tiwọn ṣọ̀wọ́n, àgbà tó ṣiṣẹ́ ńlá tí kò sì wá òkìkí, tó fi orúkọ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láìjanpata.

"Ta ló sọ fún ọ pé n ò fẹ́ orúkọ?" ni Bàbá wí.

Hamid fẹ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, Bàbá ò jẹ́.

"Mo fẹ́ ẹ. Kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Àkàndé Fátóbi. Kí ẹ tilẹ̀ kọ ọ́ ṣáájú ti Múrítàlá."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà lójú ẹsẹ̀. A ti wá kí ẹni mímọ́, a wá bá ènìyàn. Hamid ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó sọ nǹkan nù, Ọ̀ṣunmọ́lá ní tirẹ̀ ti fẹ́ fò sókè. Ó wá rántí ìbéèrè tó ti ń jẹ ẹ́ nínú láti kékeré, ó bẹ Bàbá pé kí wọ́n jọ̀wọ́, kí ló dé tí Alátòrì fi ń wọ bàtà ẹyọ kan. Ẹ ò mọ bí ìbéèrè yìí ti tó. Hamid ti kọ ojú ewé tó pọ̀ lé e lórí pé ẹsẹ̀ kan wà láyé, ẹsẹ̀ kan wà lọ́run. Ọ̀ṣunmọ́lá ní tirẹ̀ gbà pé ẹ̀jẹ́ ni akọni náà jẹ́.

Bàbá ní, "Mo ya bàtà ọ̀tún, ó dára. Mo ya tòsì, ó rí bí pákí yìí. Mo pa á rẹ́."

Ó fi ọ̀bẹ tọ́ka sí pákí náà kó lè yé wa. Ìyàwó rẹ̀ ní òótọ́ ni, pé títí dòní ọkọ òun kò lè ya bàtà òsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá ń sọ ìyókù, ojú rẹ̀ yí padà, ó tàn. Ó ní ẹ̀rù ba òun lọ́jọ́ tí Múrítàlá máa rí àwòrán náà, nítorí ẹ̀gbọ́n lójú òun ni, ó sì máa ń fẹ́ kí iṣẹ́ mọ́. Múrítàlá wo ẹsẹ̀ náà títí, kò sọ nǹkan kan, ó kó o lọ sí Àbíjàn. Nígbà tó máa padà dé, ó ti kọ ìtàn tuntun tọwọ́ tẹsẹ̀, bí odò ṣe gbé bàtà òsì Alátòrì lọ níbi tó ti ń yọ aláboyún kan nínú omi, àti bí kò ṣe ní wọ òmíràn títí odò yóò fi dá a padà. A mọ ìtàn yẹn. Ìtàn yẹn ni gbogbo wa fẹ́ràn jù. Èmi ti sunkún sí i rí, níbi tí odò ti ń ṣàn lọ.

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é," ni Bàbá wí. "Bí mo bá ṣìṣe, a sọ ọ́ di ìtàn. Bí òun náà bá kọ ohun tí kò ṣe é yà, mà á ya òmíràn, á yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà."

Mo wo Hamid, Hamid wo Ọ̀ṣunmọ́lá. Gbogbo àríyànjiyàn ẹnu ọ̀nà sọ́ọ̀bù mi ti fọ́ yángá nílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ṣà á.

Ibẹ̀ ni inú Bàbá ti bàjẹ́ padà. Ó ní bí ìwé bá ti jáde, Múrítàlá á fi ìdì kan ránṣẹ́ sí òun. Òun á tú okùn rẹ̀, òun á wo èèpo, òun á tún un dì. Òun á ní bóyá orúkọ òun á wà lára èyí tó ń bọ̀. Ó dé, kò sí níbẹ̀. Òmíràn dé, kò sí níbẹ̀. Nígbà tó yá ó sú òun, òun ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Múrítàlá sáré wá láti Àbíjàn, ó béèrè ohun tó ṣe. Òun ní ojú ló ń dun òun.

"Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó padà lọ, ó ra awò ojú bọ̀ fún mi. Awò ojú! Orúkọ ni mo ń wá, awò ojú ló gbé lé mi lọ́wọ́."

Bó ṣe sọ ọ́ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà náà, òun kì í dúró bí àwọn bá pàdé lọ́nà ju kí òun kí i, kí òun kọjá. Nígbà tí ìròyìn ikú rẹ̀ dé, tí wọ́n ṣe àdúrà fún un ní Ẹ̀jìgbò, òun kò lọ. Ìyàwó rẹ̀ wo ibòmíràn nígbà tó sọ èyí. Mo rí i pé ó ti bá a jà lé e lórí.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò lójú ọ̀nà, títí kan Hamid, pé orúkọ méjèèjì ni kó wà níbẹ̀. Ó ku kí Fàsílátù gbà. Nítorí pé mo jẹ́ obìnrin bí i tirẹ̀, èmi ni wọ́n ní kó pè é. Bí ẹ bá rí àwọn akọni yìí, tí wọ́n mọ gbogbo ìjà Alátòrì lórí, wọn ò lè pe obìnrin kan lórí fóònù.

Mo pè é. Mo fi ọgbọ́n sọ ọ́, mo bu oyin sí i. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Àǹtí Mùínàt, ṣé ẹ ń sọ fún mi pé olè ni Pàpá mi?"

Mo ní kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí orúkọ míì bá wọ ara ìwé náà lẹ́yìn tí Pàpá òun ti kú, tí kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohun tí ayé máa sọ nìyẹn, pé ó jí iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Ó ní kí n má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó da Faransé lé mi lórí díẹ̀, mi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà. Mo kó èèpo ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí mo ránṣẹ́ sí Bàbá ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, wọ́n ní ó kàn ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì lọ sóko. Èyí dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé àwa la lọ fi ọwọ́ kan egbò tó ti jinná.

Oṣù Kejìlá dé, àwọn ará Àbíjàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìlú kún, Faransé ń ta sọ́tùn-ún sósì lọ́jà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Fàsílátù sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kò tilẹ̀ kọ́kọ́ dé ilé bàbá rẹ̀, sọ́ọ̀bù mi ló gbà wá tààrà, eruku ọ̀nà ṣì wà lójú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó ń pe Pàpá òun lólè. Mo ń wá ohun tí mo máa sọ. Mi ò mọ̀ pé Ọ̀ṣunmọ́lá ti gbọ́ pé ó ti wọ ìlú, pé ó ti gun ọ̀kadà lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn láìsọ fún mi. Fàsílátù ṣì ń mu omi tí mo fún un nígbà tí ọ̀kadà náà dúró níwájú sọ́ọ̀bù, tí Bàbá Àkàndé sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Hamid wọlé tẹ̀ lé wọn. Bí mo bá ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ǹ bá ti gba ibẹ̀ jáde.

Fàsílátù dìde. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ fún Bàbá kó tó sọ ohunkóhun. Bàbá wò ó.

Ó ní, "Ojú rẹ̀ lo gbé wọ̀. Dìde, ọmọ mi."

Ó dìde. Ó ní kí Bàbá jọ̀wọ́, kí wọ́n sọ ọ́ lójú òun, ṣé lóòótọ́ ni pé Pàpá òun rẹ́ wọn jẹ. Bàbá ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Òun kàn sọ pé ó gbàgbé òun.

"Pàpá mi ò gbàgbé yín," ni Fàsílátù wí. "Kò sí ọjọ́ kan tí kì í pe orúkọ yín nílé wa."

Ó wá sọ ohun tó ti ń gbọ́ láti kékeré. Ó ní nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ fẹ́ jáde, bàbá òun ti kọ orúkọ méjì sílẹ̀ fún èèpo rẹ̀. Ó wá ronú pé Mùsùlùmí ni òun, pé òun ò mọ èèwọ̀ ilé ẹlòmíràn, pé ọmọ ilé tó ń gbẹ́ ère fún Ògìyán ni Àkàndé, bóyá ohun kan wà tí wọn kì í ṣe. Kò lè bi Àkàndé, nítorí pé bàbá Àkàndé wà láàyè, ta ní í fo bàbá kọjá lọ bá ọmọ nírú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ó mú iṣu, ó lọ bá Bàbá Fátóbi nílé. Ó ṣàlàyé pé iṣẹ́ kan wà tí Àkàndé ṣe, pé òun fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Bàbá Fátóbi ní nílé àwọn, a kì í kọ orúkọ sára iṣẹ́. Ó ní iṣẹ́ mọ ẹni tó ṣe é. Múrítàlá dúpẹ́, ó pa orúkọ náà rẹ́.

"Ẹ̀yin ló máa ń fi nà wá," ni Fàsílátù wí. Ohùn rẹ̀ ti ń yí padà. "Bí ọ̀kan nínú wa bá gba ipò kìíní níléèwé tó wá ń yangàn, Pàpá á ní, ẹ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Àkàndé ọ̀rẹ́ mi. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ nítorí òrìṣà ilé bàbá rẹ̀. Ó ní òun ò lè ṣe é. *Voilà*. Ohun tí mo mọ̀ nípa yín nìyẹn."

Bàbá wá àga pẹ̀lú ọwọ́, Hamid tì í sí i lẹ́yìn, ó jókòó.

"Bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ère ni wọ́n ń sọ," ni Bàbá wí. "Ère Ògìyán. Bàbá mi ò mọ̀wé. Bí ènìyàn bá sọ pé Àkàndé ṣiṣẹ́ kan, ère ni wọ́n máa rò. Wọn ò sì sọ ọ́ fún mi títí wọ́n fi lọ."

Hamid, tí kì í lè pa ẹnu mọ́, fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè ìdí tí Bàbá ò fi béèrè lọ́wọ́ Àlàájì nígbà ayé wọn, ní gbogbo ọdún yẹn. Bàbá yíjú sí i bí ẹni pé ọmọ náà kì í ṣe Yorùbá.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ta ní í bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nírú ìyẹn?"

Hamid tẹrí ba. Mo wo gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀, kò sí ẹnì kan tí ì bá béèrè. Èmi gan-an, mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Ọlá tí mo ń dúró de ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ. Inú mi bàjẹ́, mi ò ní parọ́. Mo rí àwọn ọkùnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn, tí wọ́n mọ ìwà hù ju bó ti yẹ lọ, ọ̀kan ń yin èkejì fún ohun tó ń pa á lára. Kò sì sí ẹni tí a lè dá lẹ́bi. Ta ló fẹ́ bínú sí Bàbá Fátóbi nínú sàréè?

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Awò ojú." Ó tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, ó fi fìlà rẹ̀ bo ojú, kò sì yọ ọ́ fún ìgbà díẹ̀. Fàsílátù lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, ó di apá rẹ̀ mú. Ọ̀ṣunmọ́lá jáde lọ bá ọlọ́kadà sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí, nítorí kò fẹ́ kí a rí ojú òun.

Fàsílátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àǹtí Mùínàt, ẹ tan ẹ̀rọ yín. Ẹ kọ orúkọ wọn."

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Mo tẹ Àkàndé Fátóbi sí i gàdàgbà bó ṣe fẹ́ ẹ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, mo sì fi ṣáájú. Hamid ti la ẹnu láti sọ nǹkan nípa ètò orúkọ. Mo fi ojú sọ fún un pé bí ó bá sọ ọ́, mà á tẹ pósítà òkú tirẹ̀ lónìí. Bàbá ló dìde wá dúró lẹ́yìn mi, ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà.

"Gbé e sísàlẹ̀. Múrítàlá ni kó ṣáájú. Ṣé mo lè jókòó sórí ẹ̀gbọ́n mi ni?"

Mo gbé e sísàlẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi ìwé gbígbóná náà lé e lọ́wọ́. Ó gbé e jìnnà sí ojú, ó gbé e súnmọ́, ó kà á pẹ̀lú ẹnu, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ọmọdé tó ń kọ́ ìwé kíkà. Kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. Ọ̀ṣunmọ́lá ní kí àwọn ya fọ́tò rẹ̀ fún gúrúùpù, Bàbá ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ ná.

Ó wá bi Fàsílátù pé ọjọ́ wo ni ọkọ̀ Àbíjàn tún ń gbéra. Fàsílátù ní lẹ́yìn ọdún tuntun ni àwọn máa padà, pé kí Bàbá sọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ rán, òun á bá wọn rà á, bóyá aṣọ ni o, bóyá bàtà.

Bàbá ká èèpo ìwé náà, ó fi sínú àpò agbádá rẹ̀.

"Mi ò fẹ́ rán nǹkan kan," ló wí. "Ṣé àyè ẹnì kan máa wà nínú ọkọ̀ náà? Mi ò tíì lọ kí ẹ̀gbọ́n mi."